Sí Àyìnkẹ́, Nítorí Bàbá Alákàbà

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jókòó, má tíì jẹun. Kò sí ẹni tó kú nílé, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilé, ó ń bẹ iṣu. Èmi ni nǹkan ń ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà. Gbogbo Ṣábẹ̀ mọ̀. Èmi tí mo fi kíláàsì kejì jáde nílé ẹ̀kọ́, tí mo gé ìrèké títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le bí ẹ̀yìn ahun, tí mo fi tábìlì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìṣó ní gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń dúró, èmi náà ni mo wá kọ́ ilé ìtajà onílẹ̀kùn mẹ́rin yìí. Kò sí ilé kan láti ibí dé Sakin tí ìṣó mi kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ tú òrùlé rẹ̀ wò. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta kí n tó kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, mo sì kọjá gbogbo àwọn tí a jọ kọ́ ọ. Ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ èyí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì jáde lẹ́nu mi rí níwájú ọmọ tí mo bí.

O lè ní, kí ló dé tí Bàbá ò pè mí lórí fóònù. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ láti àná. O ní, "Bàbá, mo wà níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ n pè yín padà." O kò pè. Ìgbà tí o gbé e lẹ́ẹ̀kẹrin, o ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ àkàbà yẹn náà ni? Kì í ṣe ẹ̀ka tèmi o." O sì rẹ́rìn-ín, fóònù sì já. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì fẹ́ kí o kà á délẹ̀ kí o tó dìde, torí bí mo bá sọ orí ọ̀rọ̀ nìkan fún ọ, wàá ní àgbà ló ń yọ Bàbá lẹ́nu.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ fún wa lọ́jọ́ Àìkú sọ, kí o gbọ́ bó ṣe dún.

O pè wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo gbé ohùn fóònù sókè kí ará ilé àti aládùúgbò lè gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń ròyìn iṣẹ́ ńlá. Ilé ìtajà tó gbòòrò ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn, ọ̀dà, páànù, bááfù, gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń tún ilé ṣe, ọmọ mi ló jókòó síbi tí àwọn oníbàárà ti ń mú ẹjọ́ wá! Àyà mi fẹ̀. O wá ní:

"Bàbá, mẹ́tìrì kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. A ti sọ ọ́ ní Bàbá Alákàbà. Ó ra àkàbà lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ibi tí ọkọ̀ gbé e lọ fún un. Ó ní ibi ìtẹ̀sẹ̀ kẹrin ń mì. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá, a ní kó lọ mú fakitúù wá, ìwé tí a fún un nígbà tó sanwó. Ó mú un wá. A ní ẹni tó ta á fún un ti lọ sí ìsinmi. Ó tún wá. Mo ní kó lọ bá àwọn tó ń rí sí àtúnṣe. Àwọn yẹn ní kó padà wá bá mi. Mo ní kó padà lọ bá wọn. Bàbá, ó ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lú àkàbà léjìká, bí ẹni tó ń wá ọ̀pẹ tí yóò gùn!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ gbá orúnkún.

Ìyá rẹ nìkan ló bi ọ́ pé, "Kí ló wá ṣe?"

O ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ó kàn dákẹ́ ni. Ó ní òjò ń bọ̀, òrùlé òun ń jò, òun á ṣọ́ra gùn ún bẹ́ẹ̀. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ."

Ẹ̀rín mi dá níbẹ̀. Láti ìgbà náà, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá jókòó, mo ń gbọ́ "ó kàn dákẹ́ ni." Bí mo bá ń wọn wáyà fún ènìyàn, mo ń gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

O mọ Bàbá Sakin. Òun ló kọ́ yín bí ẹ ṣe ń sun kóró kajú láìjẹ́ kí oje rẹ̀ jó yín lọ́wọ́. O mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún tó ń wọ́. Ẹ bi mí nígbà tí ẹ wà ní kékeré, mo ní igi kajú ló já lé e. Irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi ni mo ṣe é lẹ́sẹ̀.

Ọdún tí mo fi tábìlì kejì kún ti àkọ́kọ́ ni. Ìyá rẹ kò tíì wọ ilé mi. Orí mi ń wú. Mo so gbogbo ọjà mi kọ́ síta kí àwọn tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lè rí i pé ọmọkùnrin kan ń bẹ níbí: ẹ̀wọ̀n, garawa, àgádágodo, àti okùn ọ̀rá aláwọ̀ aró kan tó nípọn bí àtàǹpàkò. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn ni okùn yẹn fi wà nínú oòrùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú yàrá, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ rà bá dé, èyí tó wà níta ni mo ń já lulẹ̀ fún un, kí n lè so tuntun kọ́. Aró rẹ̀ ti di eérú. Mo rí i. Mo ní, okùn kúkú ni.

Ọkùnrin kan ti Sakin wá, agbẹ́kànga ni. O mọ ilẹ̀ wa: bí o bá walẹ̀ díẹ̀, o ti kan àpáta. Òòlù àti irin ni agbẹ́kànga fi ń bá a jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó lè parí kí òjò tó dé. Okùn ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń fà á sókè. Mi ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo gé e fún un, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá. Àwọn ènìyàn ti yí mi ká, mò ń ròyìn fún wọn bí mo ṣe lọ ra ọjà ní Kútọnu fúnra mi, láìsí alágbàtà. Ó na okùn náà sí mi.

"Ẹ kú ọjà o. Okùn yìí, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ró bí koríko gbígbẹ. Ẹ wò ó, ó ń yọ ìyẹ̀fun."

Gbogbo ojú yí sí mi. Àyìnkẹ́, ọgbọ́n kan wà tí gbogbo àwa ọlọ́jà kéékèèké ní gáà ń lò nígbà náà. Bí oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́ bá mú ẹjọ́ wá, ìwọ tí o ni ọjà á sọ ara rẹ di ọmọṣẹ́. Mo ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ò sí. Ó lọ Párákú."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Ẹ padà wá lọ́la."

Àwọn tó yí mi ká fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà rìn padà sí Sakin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún dé.

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Kò tíì dé. Párákú jìnnà."

"Ẹni tó ni kànga ń pariwo mọ́ mi. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín, kó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi."

"Màá sọ fún un."

Ó wò mí. Kò pariwo, kò bú mi. Ó ká okùn rẹ̀, ó fi kọ́ èjìká, ó ní, "Ó dàbọ̀."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, okùn já, òun nìyẹn ní ìsàlẹ̀ kànga.

Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ sọ́nà méjì. Mo gbé adìẹ méjì, mo lọ bá a nílé ẹni tó ń to egungun. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu láti ọ̀nà. Ó la ojú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní:

"Ọ̀gá yín ti ti Párákú dé?"

Àwọn adìẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti bú mi rí, wọ́n ti nà mí rí nínú oko ìrèké, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lù mí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lù mí. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìlú. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á ké pé, "Ọ̀gá Párákú, ẹ káàbọ̀ o! Ọ̀nà jìn?" Ìwọ náà ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń pè mí ní Ọ̀gá Párákú. Mo ní torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ ń kó ọjà Párákú wá síbí ni. Irọ́ kejì nìyẹn.

Kò lè gbẹ́ kànga mọ́. Mo ní kó wá jókòó ti ọjà mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí okùn tàbí ẹ̀wọ̀n tó ń jáde lọ́dọ̀ mi tí kò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wò. Ó ti dárí jì mí, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá rẹ. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní tèmi, òwe yẹn ti yí padà. Èmi tí mo ṣu ni mi ò gbàgbé.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Mo kọ nọ́ńbà sí i kí o má baà fò ó.

Èkíní. Má jẹ́ kí "ọ̀gá ò sí" jáde lẹ́nu rẹ, ì báà jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò sí. Tábìlì tí o bá jókòó sí, ìwọ ni ọ̀gá ibẹ̀ lójú ẹni tó dúró níwájú rẹ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nípa ibi iṣẹ́ rẹ nìyí: èmi, nígbà tí mo purọ́, mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ yín, kò sí ẹni tó purọ́. Ẹni tó tà á wà ní ìsinmi lóòótọ́. Àtúnṣe kì í ṣe iṣẹ́ rẹ lóòótọ́. Fakitúù ni òfin yín wí lóòótọ́. Gbogbo yín sọ òótọ́, bàbá náà sì tún gbé àkàbà tó ń mì padà sílé. Ta ni yóò lọ tọrọ àforíjì bí ó bá ṣubú? Olúkúlùkù á ní ẹ̀ka tòun kọ́.

Èkejì. Kí o tó dárúkọ iye ọjà, bi ènìyàn pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Bí mo bá ti bi agbẹ́kànga yẹn ní gbólóhùn kan péré, "Kí lẹ fẹ́ fi okùn so?", yàrá ni mà bá wọ̀ lọ mú òmíràn. Lónìí, bí ọmọdé bá wá ra ìṣó kan lọ́dọ̀ mi, mo máa bi í. Wọ́n ní ẹnu mi pọ̀. Kó pọ̀.

Ẹ̀kẹta. Fakitúù kì í gun àkàbà, ènìyàn ló ń gùn ún. Gba ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná, gbé e pamọ́, kí ẹ tó máa wá ìwé kiri. Ìwé lè dúró. Orí ènìyàn kì í dúró.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni kí o di mú jù. Ẹni tó ń pariwo mọ́ ọ, má bẹ̀rù rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ gáà ju ẹ̀rọ omi mọ́ mi lórí tábìlì nígbà kan, ó ní, "Ìwọ olè yìí, ẹ̀rọ rẹ ń tọ̀ bí ewúrẹ́!" Títí di òní, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra ọjà. Ẹni tó ń pariwo ṣì gbà pé o lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tó kí ọ pé ó dàbọ̀ jẹ́jẹ́, ó ti gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀. Dìde fún ẹni bẹ́ẹ̀. Sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà.

Èyí tó kàn, ẹ má fún oníbàárà lórúkọ ẹ̀fẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ ọ́ ní Bàbá Alákàbà ni ẹ ò ti rí i mọ́. Àkàbà nìkan lẹ̀ ń rí. Ó ní orúnkún tó ń ro ó, ó ní àwọn ọmọ tó ti kọ́ ní kíkà, bóyá ó ní ọmọbìnrin kan bíi tìrẹ. Mi ò bá ọ wí lórí ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìpín tèmi wà níbẹ̀.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ. Wàá ní, "Bàbá, bí mo bá fò lé orí àwọn ọ̀gá mi, wọn á lé mi." Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ìyẹn náà ń bà mí, mi ò ní pa irọ́ kẹta. Mo pa ewúrẹ́ nígbà tí wọ́n gbà ọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọjá lọ sí Párákú tí kò tilẹ̀ bi mí. Bí o bá kó ẹrù rẹ padà wálé, mo mọ ohun tí wọn á wí. Wọn á ní, "Ọmọ Ọ̀gá Párákú ti dé o!" Jẹ́ kí wọ́n wí i. Mo ti gbé ẹ̀gàn yẹn láti ìgbà èwe mi, kò pa mí, mo tún fi kọ́ ilé. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni mo ní, bó bá di dandan, wàá jókòó ti ọ̀kan. Ohun tí mi ò lè bá ọ gbé ni kí o dúró níbi ẹní aláìsàn kan, kó la ojú, kó bi ọ́ pé, "Ẹ̀ka tó ń rí sí àtúnṣe ti dé?" Mo ti rí irú ojú yẹn. Mi ò fẹ́ kó wò ọ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Bàbá Sakin láàárọ̀ yìí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Kí lo wá jókòó ṣe níbí?"

Òjò ti ṣú bo àwọn òkè wa báyìí tí mò ń kọ ọ́. Bó bá ti ṣú ní Ṣábẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Òrùlé tó ń jò kì í jẹ́ kí ènìyàn ní sùúrù.

Àyìnkẹ́, má lọ síbi iṣẹ́ ná. Jáde síta. Àkàbà kan wà lórí ọkọ̀ awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá. Inú ọjà mi ni mo ti mú un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gùn ún dé òkè kí wọ́n tó dì í, mo tẹ gbogbo ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ sì ń ké nísàlẹ̀ pé, "Sọ̀kalẹ̀, arúgbó yìí, ṣé o fẹ́ sọ mí di opó ni!" Kò mì. Ọwọ́ rẹ lo fi kọ ibi tí bàbá náà ń gbé, o mọ ọ̀nà. Mú awakọ̀ lọ síbẹ̀. Kan ilẹ̀kùn. Má kí i lórúkọ ilé iṣẹ́ yín, orúkọ tìrẹ ni kí o fi kí i. Kúnlẹ̀. Sọ fún un pé ìwọ lo jẹ̀bi, pé bàbá rẹ ló ní kó gba èyí. Kí o sì gba èyí tó ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà gùn ún.

Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, pè mí. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣí i, pè mí pẹ̀lú, má fi pamọ́ fún mi. Má ní o wà níbi iṣẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní gbé e sílẹ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ.